Dráyà irun ni wọ́n fún ìyá mi tó ń ta èlùbọ́: ibo gan-an ni obìnrin wà nínú ètò ìṣúná?

ỌmọElélùbọ́ | Ọjọ́ Ajé, 9:12 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí tipẹ́, n kì í sábà dá sí i, ṣùgbọ́n eléyìí ò jẹ́ kí n sùn lánàá.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ìyá mi ti ń ta èlùbọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pe àwọn obìnrin ọjà sí gbọ̀ngàn kan, wọ́n ní ìjọba fẹ́ ró wọn lágbára. Aago méje àárọ̀ ni ìyá mi ti débẹ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni àwọn ọ̀gá tó dé. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín nǹkan. Nígbà tó kan ìyá mi, dráyà irun ni wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́, èyí tó ní orí rogodo tí àwọn onídìrí máa ń fi dé oníbàárà lórí. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Elélùbọ́. Onídìrí tó jókòó tì wọ́n gan-an ni wọ́n fún ní ẹ̀rọ ìlọta. Àwọn méjèèjì bẹ̀bẹ̀ pé káwọn pààrọ̀. Ọmọkùnrin tó ń pín in ní kò ṣeé ṣe, orúkọ ti wà nínú ìwé.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo wá ètò ìṣúná ìpínlẹ̀ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo wà á sórí fóònù, mo ń wá ibi tí wọ́n ti dárúkọ obìnrin. Mo rí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin, mo rí "ìrónilágbára," mo rí àyájọ́ ọjọ́ àwọn obìnrin lóṣù kẹta. Ó parí. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ò tó owó tí wọ́n kọ sí títún ilé àlejò ìjọba ṣe.

Ìbéèrè mi rèé o: ṣé ibi tí wọ́n bá ti kọ "obìnrin" nìkan ni ìṣúná ti kan obìnrin ni? Nítorí n ò rí nǹkan tó ń jẹ owó ìyá mi ní gbogbo ibi tí mo wò yẹn.

Àdìó_Mọ́kọ́lá | 9:31 àárọ̀

Kí Màámi má tà á o. Òjò ń bọ̀. Kí wọ́n máa fi gbẹ èlùbọ́.

BàbáOníkẹ̀kẹ́ | 9:58 àárọ̀

Ẹ̀rín pa mí. Ìgbà TraderMoni ní 2018 ńkọ́? ₦10,000 ni wọ́n ń yá àwọn ọlọ́jà, ìbò 2019 ló ń bọ̀ nígbà yẹn. Ìyàwó mi gbà á. Ó fi ra alùbọ́sà, alùbọ́sà bà jẹ́ lọ́nà torí ọkọ̀ sùn sójú ọ̀nà tó ti bàjẹ́. Owó wọlé, ọ̀nà jẹ ẹ́.

Akọ̀wéÀgbà | 11:20 àárọ̀

Ọmọ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó lè fi ìwé gbé mi kúrò níbi iṣẹ́ mọ́, nítorí náà mo lè sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó ti ìwé owó ní kànsù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí: ohun tí wọ́n kọ sínú ìṣúná kì í ṣe owó. Ìlérí ni. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, tí tẹlifíṣọ̀n ti lọ tán, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tú owó sílẹ̀. Owó oṣù ló ń kọ́kọ́ jáde, torí òṣìṣẹ́ lè da iṣẹ́ sílẹ̀. Gbèsè, wọ́n ti yọ ọ́ kí owó tó dé ọwọ́ wa rárá. Lẹ́yìn náà ni epo ọkọ̀ àti ìrìnàjò àwọn ọ̀gá. Iṣẹ́ àkànṣe ló ń gbẹ̀yìn, ọ̀nà tí agbaṣẹ́ṣe rẹ̀ mọ ọ̀gá ló sì máa ń ṣíwájú nínú wọn. Omi ọjà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà, yàrá ìgbẹ̀bí, kò sí ẹni tó ń bá àwọn yẹn jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀gá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Tó bá di oṣù Kejìlá, wọ́n á ní owó ò wọlé tó bí àwọn ṣe rò. Wọ́n á tún un kọ sínú ti ọdún tó ń bọ̀. Mo mọ kànga ẹ̀rọ kan tó wà nínú ìṣúná fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ọdọọdún ni owó rẹ̀ ń lé sí i. Ẹnikẹ́ni ò fi ọkọ́ kan ilẹ̀ ibẹ̀ rí.

Sí ìbéèrè yín: ẹ fi ojú ewé iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin sílẹ̀ ná. Ẹ lọ wo omi, ẹ wo ìlera, ẹ wo ilé ẹ̀kọ́. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ, kí ẹ wá wo ohun tí wọ́n ná.

Ẹ̀rí kan. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn lóṣù Kìíní 1955, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Bàbá wa ti sọ pé ọkùnrin nìkan lòun á san owó fún, pé kí Àǹtí tẹ̀lé ìyá wa lọ sọ́jà. Ọ̀fẹ́ dé, àwíjàre Bàbá parí. Àǹtí di olùkọ́, òun ló sì san owó ilé ẹ̀kọ́ gíga fún èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó pe ìṣúná ọdún yẹn ní ìṣúná obìnrin.

ỌmọElélùbọ́ | 2:05 ọ̀sán

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Mo ṣe bí ẹ ti wí, mo jókòó ti ìyá mi pẹ̀lú bébà.

Àwọn fúnra wọn ló ń ṣe èlùbọ́ wọn. Wọ́n á bó iṣu, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ pé omi ló ń jẹ iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀rọ omi kan wà lẹ́nu ọjà, wọ́n kùn ún ní búlúù, orúkọ olóṣèlú kan gàgàrà lára rẹ̀. Ọdún tí wọ́n ṣí i náà ló dákẹ́. Oníṣu kan ti ń sá aṣọ sórí rẹ̀. Nítorí náà, kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ ni ìyá mi ń rà lójúmọ́, ₦100 lọ́kọ̀ọ̀kan. ₦800. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóṣù, ₦20,800. Tíkẹ́ẹ̀tì kànsù, ₦200 lójúmọ́, ìyẹn ₦5,200. Àpapọ̀ rẹ̀ lóṣù ₦26,000, lọ́dún ₦312,000.

Onídìrí tó fẹ́ ra dráyà náà ní ₦35,000 lòun ní.

Mi ò tíì fi owó ọkọ̀ kún un o. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún 2023 ni ìyá mi ò ti lọ ra iṣu lóko mọ́, ẹni tó bá gbé e wá ni wọ́n ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kúnlé_T | 2:40 ọ̀sán

Ẹ má bínú sí mi o. Ebi ò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Ọlọ́kadà náà ń ra omi. Kí ló wá sọ ọ̀rọ̀ omi di ọ̀rọ̀ obìnrin? Gbogbo nǹkan ni ẹ fẹ́ fi ṣe ìjà lọ́kọláya.

ÌyáÌbejì77 | 2:52 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, ìjà kọ́. Ìbéèrè kan péré: bí ẹ̀rọ bá dá nílé yín, ta ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì? Bí ọmọ bá ní ibà, ta ló ń ti ṣọ́ọ̀bù? Èmi ni mò ń tì í nílé tèmi. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ìbejì ṣàìsàn ọjọ́ mọ́kànlá ní oṣù kan. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo ti ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ mọ́kọ̀ọ̀kànlá, kì í ṣe pé ó burú, iṣẹ́ oṣù ni tiẹ̀. Bí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò wa bá ní oògùn ni, wákàtí méjì ni mi ò bá lò.

Kúnlé_T | 3:10 ọ̀sán

Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n délé ná.

Nọ́ọ̀sì_Àkúrẹ́ | 6:47 ìrọ̀lẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni. ÌyáÌbejì ti fi ọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí.

Ìjọba Olúṣẹ́gun Mimiko bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní Oǹdó ní 2009, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn ìyá àtọmọ sí Àkúrẹ́, ọ̀fẹ́ ni obìnrin ń bímọ níbẹ̀. Ẹ ò rí èrò! Láti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí wa ká ni wọ́n ti ń wá, wọ́n á láwọn ní ẹ̀gbọ́n ní Àkúrẹ́. Nígbà tó yá, ìjọba yí padà, owó ò tó mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó.

Mo mọ obìnrin kan tó ń ta ẹja gbígbẹ. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀ nílé ìwòsàn kan tí n ò ní dárúkọ. Owó tó fẹ́ fi ra ọjà Kérésì ló san síbẹ̀, gbogbo rẹ̀. Nígbà tó padà sọ́jà, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, owó gbọ́múléláńtà wà lọ́rùn rẹ̀, àwọn tó yá a lówó ń wá jókòó ti ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọọjọ́ Ẹtì. Ẹja ẹlẹ́ja ló ń tà báyìí, wọ́n ń fún un ní nǹkan díẹ̀ lórí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ò pàdánù iṣẹ́ tiẹ̀. Bí obìnrin ṣe ń di ẹni ẹ̀yìn nìyẹn, lórí ìgbẹ̀bí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Òfin sì wà o. Òfin ìlera ti 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán 1% nínú owó tó ń wọlé fún un, kó lọ fún ìlera alábọ́ọ́dé. Ìgbà wo ni owó rẹ̀ kọ́kọ́ wọ inú ìṣúná? 2018. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n ṣòfin ti ń ka A B D. Ẹ jẹ́ ká fi ti 2001 sílẹ̀, nígbà tí àwọn olórí Áfíríkà jókòó ní Àbújá tí wọ́n ní 15% ìṣúná làwọn á máa fún ìlera. Àbújá ni wọ́n ti ṣèlérí, Àbújá kan náà ni kò tíì dé ibẹ̀.

Àdùkẹ́_Kétu | 8:15 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, láti Kétu ní Bẹ̀nẹ̀. Àwa náà ń ka ọ̀rọ̀ yín.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ní 2009 ni ìjọba gba owó iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí sọ́rùn. 100,000 owó sẹ́fà ni wọ́n ń san fún ilé ìwòsàn lórí obìnrin kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣe é fún àbúrò mi ní 2012. Kò san owó abẹ. Owó ọkọ̀ ni a san, àti oògùn díẹ̀ tí wọ́n ní ká rà níta, torí owó ìjọba máa ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n owó gààrí rẹ̀ wà níbi tó fi sí. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ó ti padà sídìí ọjà rẹ̀.

Ẹ̀yáwó náà wà o, 30,000 sẹ́fà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn obìnrin ní 2007, lẹ́gbẹẹgbẹ́. Mo gbà á. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó, wàá dá a padà. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, ti abẹ yẹn ni màá mú.

ỌmọẸ̀gbá | 10:02 alẹ́

Ẹ̀yin tó rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni, ẹ wá gbọ́. Láti 1918 ni ìjọba ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin ní Abẹ́òkúta, lọ́tọ̀ sí ti ọkọ. Ọmọbìnrin ti ń san láti ọdún 15, ọmọkùnrin láti 16. Ẹ tún un kà. Obìnrin ò sì ní ẹnì kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà.

Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta kọrin lójú ààfin, pé Aláké kúrò nílùú lóṣù Kìíní 1949, pé wọ́n yọ owó orí obìnrin. Ohun tí ènìyàn kì í rántí ni ohun tí wọ́n ní kí ìjọba fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n gbé owó orí náà lé àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó lórí. Wọ́n ní kí wọ́n ná an sórí ọ̀nà, ìmọ́tótó ìlú àti ẹ̀kọ́. Ìṣúná ni wọ́n kọ yẹn! Iye tó ń wọlé, ẹni tó ń san án, ibi tó ń lọ. Bí ẹ bá gbé ìwé yẹn lọ sí kànsù yín lónìí, wọ́n á rò pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ láàárọ̀ yìí.

Ní Èkó náà, 1940, ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tó bá ń pa ju £50 lọ lọ́dún. Alimotu Pelewura kó àwọn obìnrin ọjà jáde. £200 ni wọ́n gbé e sí. Obìnrin tí kò kàwé ló jà fún ìyẹn.

Ṣadé_Manchester | 11:36 alẹ́

Ẹ má rò pé ìlú òyìnbó ti tán ìṣòro. Ní England níbí, ìjọba ń san owó ibi ìtọ́jú ọmọ fún òbí tó ń ṣiṣẹ́, wákàtí 30 lọ́sẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Èmi àti ọkọ mi wá lórí físà tó ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìrànwọ́ ìjọba. A ń san owó orí bí gbogbo ènìyàn. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, èmi ń ṣe ti òru ní ilé àwọn arúgbó, torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú ọmọ. Iṣẹ́ òru ni mò ń jáde lọ báyìí.

Délé_Onímọ̀Owó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:20 àárọ̀

Ọ̀nà àbáyọ wà o. Australia ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1984 pé kí iléeṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí owó òun máa ṣe fún obìnrin. Uganda ti sọ ọ́ di òfin ní 2015: ìṣúná ò lè kọjá bí kò bá ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ro ti akọ àti abo mọ́ ọn. Àwa náà lè ṣe é. Àwa náà kúkú ti gbìyànjú, òfin ìṣúná 2019 yọ owó orí ọjà kúrò lórí páàdì nǹkan oṣù tí wọ́n bá ṣe ní Nàìjíríà.

Àdìó_Mọ́kọ́lá | 8:26 àárọ̀

Ìwé ẹ̀rí? Ní Nàìjíríà? Wọ́n á máa tà á lẹ́nu géètì pẹ̀lú fọ́tòkópì.

Ọlọ́jàPáàdì | 9:03 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Délé, èmi ni mò ń ta páàdì yẹn o. Lóòótọ́ ni wọ́n yọ owó orí. Náírà já lulẹ̀ ní 2023, òkèèrè sì ni ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe é ti ń wá, ó ti lé ní ìlọ́po méjì iye tí mò ń tà á tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa ń wá ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Mo máa ń já a fún wọn nínú páálí. Bí ilé ẹ̀kọ́ ò bá wá ní omi, ilé ni ọmọ náà á jókòó sí.

Kúnlé_T | 9:40 àárọ̀

Mo padà wá. Mo bi ọmọ mi obìnrin léèrè lálẹ́ àná. Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ló ń jí lọ tò fún omi. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣì máa ń sùn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti nà án lẹ́ẹ̀mejì lórí pípẹ́ dé, kò sọ fún mi. N ò mọ̀ rárá. Èmi tí mò ń gbé inú ilé náà.

ÌyáÌbejì77 | 9:44 àárọ̀

Ẹ ṣeun tí ẹ padà wá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n.

Akọ̀wéÀgbà | 10:15 àárọ̀

ỌmọElélùbọ́, ẹ má jẹ́ kó parí sórí fóònù. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún yín láṣẹ láti béèrè ìwé ìnáwó, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì. Ẹ má béèrè "owó obìnrin," wọ́n á fi àwòrán dráyà hàn yín. Ẹ béèrè omi ọjà: iye tí wọ́n kọ, iye tó jáde, ẹni tó gbà á.

ỌmọElélùbọ́ | Ọjọ́bọ̀, 4:50 ìrọ̀lẹ́

A lọ o. Èmi, ìyá mi, ìyálọ́jà, àti onídìrí tó ní dráyà. (Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ lóru, kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.) Akọ̀wé kan kọ́kọ́ ní ọ̀gá ò sí. Ìyálọ́jà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà ọ́fíìsì, wọ́n tú aṣọ ìborùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ obì. Ọ̀gá wà nílé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Wọn ò gbà kí n ya fọ́tò ìwé náà, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí n wò ó. "Títún ẹ̀rọ omi ọjà ṣe": ₦4,500,000. Ó wà níbẹ̀ lọ́dún yìí, lọ́dún tó kọjá, àti lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn. Ní ìlà iye tí wọ́n ná, òdo, òdo, òdo. Ọ̀gá ní owó ò jáde láti òkè. Ìyálọ́jà bi í pé tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ń já lójoojúmọ́ ńkọ́, ṣé òkè náà ni ìyẹn ń lọ? Kò dáhùn. Ó ń wá bírò rẹ̀.

Ìyá mi ò sọ nǹkan kan títí a fi jáde. Nígbà tá a dé ìdí kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n bi mí pé kẹ́ẹ̀gì mélòó ni mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀. Mo ṣírò rẹ̀ lórí fóònù. 45,000 kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n ní kí n tún un kà.

Akọ̀wéÀgbà | 5:08 ìrọ̀lẹ́

Ìwé tí ẹ kọ ńkọ́, ṣé wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà lé e?

ỌmọElélùbọ́ | 5:11 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n lù ú. Ẹ̀dà kejì wà nínú àpótí ìyá mi, lábẹ́ aṣọ òkè.

Akọ̀wéÀgbà | 5:13 ìrọ̀lẹ́

Ó dára. Ọ̀la ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ méje.